Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáíkọ́lọ́jì àwùjọ

Sáíkọ́lọ́jì àwùjọ ni ẹ̀ka tó ń wádìí bí ojú àwọn ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn àti ẹgbẹ́ tí a wà ṣe ń darí ohun tí a ń rò àti ohun tí a ń ṣe. Lẹ́tà tí ẹ kọ lórí bí èèyàn ṣe ń gba PhD nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé a fi gbogbo ojú ìwé tòní sílẹ̀ fún un. A gé àwọn kan kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Olùkọ́ girama ni mí ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́. Mo ní B.Ed. àti M.Ed. nínú Guidance and Counselling. Mo fẹ́ ṣe PhD sáíkọ́lọ́jì àwùjọ láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé FUTA ni kí n lọ ni?

FUTA kọ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ wa ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó, tó ní ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì. Láti Àkúrẹ́, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lẹ ó gbà. Ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tún wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Adó-Èkìtì, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, OAU ní Ilé-Ifẹ̀ àti UI ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n pé ẹ̀ka wà kò ní kí ẹni tí yóò kọ́ yín wà. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù, ẹ lọ sí ẹ̀ka náà fúnra yín, kí ẹ sì béèrè ẹni tó tó ipò àtibójútó akẹ́kọ̀ọ́ PhD, tí iṣẹ́ tirẹ̀ sì jẹ́ sáíkọ́lọ́jì àwùjọ. Ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, àti ọdún tó kù kó fẹ̀yìn tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀ lè fi yín sílẹ̀ lágbede méjì, ẹni tí wọ́n bá sì gbé yín fún lè jẹ́ onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ibi iṣẹ́ tí yóò fẹ́ kí ẹ yí àkọlé padà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ń gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á, ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń kéré jù fún ẹni tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí i, mẹ́rin fún ẹni tó ń ṣe é mọ́ iṣẹ́. Ẹ fi ìdaṣẹ́sílẹ̀ kún ìṣirò yín: lọ́dún 2022 nìkan, láti 14 oṣù kejì títí di 14 oṣù kẹwàá ni ASUU fi wà nílé.

M.Ed. yín ló máa fa wàhálà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì ń fẹ́ M.Sc. sáíkọ́lọ́jì gan-an, pẹ̀lú máàkì tó sábà máa ń jẹ́ 60 nínú 100 fún ẹni tó fẹ́ wọ PhD tààrà. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn, MPhil, oyè tó wà láàárín másítà àti PhD, ni wọ́n á kọ́kọ́ fi í sí. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Ẹ lè kọ́kọ́ ṣe M.Sc. sáíkọ́lọ́jì, bí ẹ̀ka náà bá gbà yín, tàbí kí ẹ ṣe PhD nínú sáíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ àwùjọ ṣe àkọlé: ìfìyàjẹni láàárín akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀tanú ẹ̀yà, ipa ọ̀rẹ́ lórí ìwà. Lójú tiwa, èkejì dára fún ẹni tó fẹ́ dúró sínú iṣẹ́ olùkọ́ni. Bí yunifásítì lẹ bá fẹ́ máa kọ́ni ní sáíkọ́lọ́jì, ẹ fara da M.Sc. náà.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe PhD yìí. Ṣé yóò lè máa tọ́jú àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ? (Ìyá kan, Oǹdó)

Rárá, mà. Clinical Psychology ni ti ìtọ́jú, ó sì ní iṣẹ́ ọsibítù nínú. Ẹni tó kọ́ sáíkọ́lọ́jì àwùjọ ń di olùkọ́ yunifásítì, olùwádìí fún àjọ tó ń rí sí ìlera ará ìlú tàbí ìdìbò, tàbí ẹni tó ń wọn èrò àwọn oníbàárà fún ilé iṣẹ́. Bí ọkàn ọmọ náà bá wà lórí ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó yà síbẹ̀ láti ìgbà másítà, nítorí àtiyà lẹ́yìn náà máa ń ná èèyàn lọ́dún púpọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti dá àkọlé mi padà. Èyí tó kẹ́yìn ni “Ipa ọjọ́ orí, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, iyì ara ẹni àti ẹ̀sìn lórí ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba láàárín àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.” Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ mi gan-an? (Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Àró)

Nǹkan mẹ́rin lẹ kó jọ síbẹ̀, ẹ ò sì sọ ìdí tí ìkankan nínú wọn fi yẹ kó mú ìgbẹ́kẹ̀lé wá. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ tó másítà. Ní PhD, ohun tí ìgbìmọ̀ ń wá ni ìdí: kí ló ń fa kí ni, gba ọ̀nà wo, àti tíọ́rì wo ló máa ṣubú bí àbájáde bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ sọ.

Ẹ wo iṣẹ́ Festinger àti Carlsmith, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì méjì, lọ́dún 1959. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ asán tó ń sú èèyàn fún wákàtí kan, wọ́n wá san dọ́là 1 fún àwọn kan, dọ́là 20 fún àwọn mìíràn, pé kí wọ́n lọ sọ fún ẹni tó kàn pé iṣẹ́ náà dùn. Ẹni tó bá gbà pé owó ló ń dùn mọ́ èèyàn yóò ní àwọn tó gba dọ́là 20 ni yóò fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù. Tíọ́rì Festinger sọ òdìkejì: ẹni tó gba dọ́là kan péré kò rí owó tó tó fi ṣàwáwí irọ́ rẹ̀, nítorí náà yóò yí èrò ara rẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n rí nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n yí padà, èrò méjì sì forí gbárí lórí rẹ̀. Àkọlé yín kò ní irú ìforígbárí bẹ́ẹ̀.

Ẹ padà sí Ọjà Ọba. Tom Tyler, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé bí aláṣẹ ṣe hùwà sí èèyàn, bó ṣe gbọ́ ẹnu wọn, bó ṣe ṣàlàyé, máa ń wúwo nínú ọkàn wọn ju ohun tí wọ́n rí gbà lọ. Ó yá, ẹ bi í báyìí: bí agbowó ọjà bá sọ ohun tí owó wà fún, tó sì jẹ́ kí oníṣòwò sọ tẹnu rẹ̀, ṣé ìgbẹ́kẹ̀lé yóò lọ sókè bí iye owó kò tiẹ̀ dín? Ìwádìí mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè yẹn. Àkọ́kọ́ ni ti ìwé ìbéèrè, láti mọ bí nǹkan ṣe rí. Nínú èkejì, ẹ ó kọ ìtàn kúkúrú lọ́nà méjì, ọ̀kan níbi tí agbowó ti ṣàlàyé, ọ̀kan níbi tí kò ti ṣàlàyé, ẹ ó sì pín in láìṣojúṣàájú. Ẹ gbé ẹ̀kẹta lọ sí ìlú mìíràn, bí Oǹdó, láti wò ó bóyá yóò tún rí bẹ́ẹ̀.

Níbi pípín yẹn ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Bí ẹni tí ẹ gbà síṣẹ́ bá ń fojú yan ẹni tí yóò fún ní ìtàn kìíní, àwọn tójú wọn dáa ni yóò máa fún. Ẹ di gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìwé nílé, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára, kí ẹni náà máa mú u lọ́kọ̀ọ̀kan láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì fi iṣẹ́ ọjà sí ọjọ́ Aheregbe, ọdún ìbílẹ̀ Àkúrẹ́, nítorí ṣọ́ọ̀bù títì lẹ máa bá.

Alábòójútó mi ní kí n lo fọ́múlà Taro Yamane láti mọ iye èèyàn tí n ó bi léèrè, ó fún mi ní 400. Ọ̀rẹ́ mi ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ G*Power fún òun ní 194. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Oǹdó)

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣírò. Fọ́múlà Yamane, n = N ÷ (1 + N × e²), níbi tí n ti jẹ́ iye èèyàn tí ẹ ó bi, N iye gbogbo wọn, e ààyè àṣìṣe, wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdá mélòó nínú ìlú ló ṣe nǹkan kan, bí ìdá àwọn tó dìbò. Bí èèyàn bá jẹ́ 1,200, tí e sì jẹ́ 0.05, yóò fún yín ní 300. Bí wọ́n bá jẹ́ 10,000, 385. Bí wọ́n bá jẹ́ 600,000, 400. Ẹ fi iye gbogbo ọmọ Nàìjíríà sí i, 400 náà ni. Kò bi yín léèrè rí bóyá ìbátan méjì lẹ ń wá tàbí ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́, kò sì mọ bí ohun tí ẹ ń wá ṣe kéré tó. Ìdí nìyí tí ìwé àpilẹ̀kọ tó pọ̀ fi ń gbé 400 bí ẹni pé òfin ni.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì àwùjọ ṣírò ni iye èèyàn tí yóò fún un ní àǹfààní 80 nínú 100 láti rí ipa náà bó bá wà lóòótọ́. G*Power, tí wọ́n ṣe ní Jámánì tí wọ́n sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ń ṣe èyí. Tí ìbátan láàárín nǹkan méjì (0 ni pé kò sí rárá, 1 ni pé ó pé) bá jẹ́ 0.3, nǹkan bí èèyàn 85 ti tó. Tó bá jẹ́ 0.2, 194. Tó bá jẹ́ 0.1, ẹ ó wá nǹkan bí 780. Fún ìfiwéra ẹgbẹ́ méjì, ìyàtọ̀ tó mọ níwọ̀n (d = 0.5; d ni òǹkà bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó) ń fẹ́ èèyàn 64 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ kékeré (d = 0.2) sì ń fẹ́ 394 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kó iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún jọ nínú sáíkọ́lọ́jì àwùjọ rí i lọ́dún 2003 pé ìbátan tí wọ́n máa ń rí kò ju nǹkan bí 0.2 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ẹ má fi ìrètí bẹ̀rẹ̀ láti 0.5.

Ohun kan tún wà tí àwọn méjèèjì gbàgbé. Bí ẹ bá pín ìwé ìbéèrè nínú ìjọ 10, èèyàn 40 nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń gbọ́ ìwàásù kan náà yóò jọra nínú èrò. Bí ìjọra yẹn bá kéré bí 0.05 péré, ẹ ó ṣe é báyìí: 1 + (40 − 1) × 0.05, ìyẹn 2.95. Ẹ fi pín 400: nǹkan bí èèyàn 136 ni 400 yín dà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí ìjọ 20, tí ẹ mú èèyàn 20 níbẹ̀, 1.95 lẹ máa fi pín in, ẹ ó sì ní 205. Èèyàn kan náà ni, iṣẹ́ rírìn ló yàtọ̀. Èyí burú jù nígbà tí ohun tí ẹ ń fi wéra bá jẹ́ ti ìjọ fúnra rẹ̀, bí ìjọ ńlá àti kékeré. Nítorí náà ẹ máa fi ibi púpọ̀ ṣáájú èèyàn púpọ̀. Kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e nítorí ìwé tó máa bàjẹ́: bí 194 lẹ fẹ́, ẹ pín tó 230.

Ní ti alábòójútó yín, ẹ má lọ sọ fún un pé ó ṣì í. Ẹ tẹ ìṣirò méjèèjì sórí ìwé kan, ẹ gbé e lọ, kí ẹ ní “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó, èwo ló bá àbá mi mu?” Ọ̀pọ̀ wọn yóò gbà pé kí ẹ lo èyí tó tóbi nínú méjèèjì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Mo fẹ́ lo òṣùwọ̀n iyì ara ẹni ti Rosenberg fún àwọn ìyá oníṣòwò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi, ṣùgbọ́n alpha rẹ̀ (òǹkà tó ń fi hàn bí àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ ṣe bára wọn mu tó) jẹ́ 0.41. (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)

Ibi àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò kì í ṣe ìtumọ̀ rárá. Nínú gbólóhùn 10 tí Rosenberg kọ lọ́dún 1965, márùn-ún ló lòdì: ẹni tó bá gbà wọ́n, iyì ara rẹ̀ ló kéré. Bí ẹ kò bá yí máàkì àwọn márùn-ún yìí padà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó ṣírò, alpha yóò wálẹ̀ gan-an. Ẹ lọ wò ó lónìí.

Bí ẹ bá ti yí i padà tí kò tíì tó 0.70, a jẹ́ pé èdè ni. Ẹni tó bá ní òun “kò gbà” sí gbólóhùn tó ti ní “kò” nínú tẹ́lẹ̀, orí máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí wọ́n ń kà á sí i létí. Ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni méjì tó gbọ́ èdè méjèèjì túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó jọ jókòó mú ẹ̀dà kan jáde. Kí ẹnìkẹta tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Brislin ló mú ọ̀nà yìí gbajúmọ̀ láti 1970. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti yọjú, ibẹ̀ lẹ máa tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìyá 8 sí 10, Àkúrẹ́ àti Oǹdó papọ̀, nítorí ẹ̀ka èdè wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí wọn, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn nìkan ni ìdánwò àkọ́kọ́ pẹ̀lú èèyàn 30 sí 50. Àwọn yìí kò gbọdọ̀ wà nínú ìwádìí gan-an.

Àtẹ̀gùn ìdáhùn náà ń dàrú. “N ò mọ̀” kì í ṣe àárín láàárín “mo gbà” àti “n ò gbà”. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ ya agolo márùn-ún sórí páálí, látorí èyí tó ṣófo dé èyí tó kún, kó máa fọwọ́ tọ́ka. Èyí tún ràn yín lọ́wọ́ lọ́nà mìíràn: níwájú ẹni tó ń ka ìbéèrè, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀dọ́, àgbàlagbà kì í fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò níyì lójú ara òun. Ọwọ́ tó ń tọ́ka rọrùn ju ẹnu lọ.

Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí iṣẹ́ mi. Ṣé mo ṣì nílò ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn akópa ìwádìí?

Ẹ nílò rẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni o. Ìgbìmọ̀ kì í fọwọ́ sí dátà tí ẹ ti lọ gbà kí ẹ tó wá bá wọn. Ìyálọ́jà ló ń ṣílẹ̀kùn ọjà fún yín, kò sì lè gbà lórúkọ oníṣòwò kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú àbá ìwádìí, gbogbo ìwé ìbéèrè, ìwé ìyọ̀ǹda ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, pẹ̀lú lẹ́tà alábòójútó lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka, kí ẹlẹ́rìí kan wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìyọ̀ǹda sọ́tọ̀ sí ìwé ìbéèrè, ẹ má sì kọ nọ́ńbà fóònù sára ìwé ìbéèrè. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 náà ń wò yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun kan pa mọ́ fún akópa, ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ ó ṣí i payá fún un. Láti ìgbà tí Milgram, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tó ní kí àwọn akópa máa fi iná mọ̀nàmọ́ná jẹ ẹlòmíràn níyà, ti tẹ̀wé jáde lọ́dún 1963 pé 26 nínú ọkùnrin 40 tẹ̀ ẹ́ títí dé 450 fóltì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná náà kì í ṣe iná gidi, ojú ìgbìmọ̀ ti là sí irú rẹ̀.

Àbájáde mi kò “significant”, ìyẹn ni pé ìṣirò kò lè yà á sọ́tọ̀ sí èèṣì. Ẹnì kan tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò ní kí n sanwó kí òun “tún un ṣe”. Mo fẹ́ parí lọ́dún yìí.

Ẹ má san án. Diederik Stapel, ọ̀jọ̀gbọ́n sáíkọ́lọ́jì àwùjọ ní Tilburg, Netherlands, ń jókòó sílé hùmọ̀ dátà, ó sì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD rẹ̀ lò. Àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí ló tú u fó lọ́dún 2011. Ó pàdánù iṣẹ́, àwọn ìwé ìwádìí rẹ̀ tí wọ́n fagi lé ju 50 lọ. Àgbà olùdánwò mọ dátà àtọwọ́dá: ìlà tó jọra ní ẹ̀ẹ̀mejì, ìdáhùn tí kò ní èyí tí wọ́n fò, ìyàtọ̀ tó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lè ní kí ẹ gbé ìwé ìbéèrè wá.

Àbájáde tí kò jáde bí a ṣe fẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú nínú iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí tún ìwádìí sáíkọ́lọ́jì 100 ṣe. Nínú ti àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àbájáde “significant”. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, 36 péré. Ti sáíkọ́lọ́jì àwùjọ tiẹ̀ kéré sí ìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ máàkì gbólóhùn tó lòdì wò, kí ẹ mú ìwé 20 láìyàn kí ẹ fi wé ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ẹ kọ bí ipa náà ṣe tóbi tó àti ààyè àṣìṣe rẹ̀, kì í ṣe p, òǹkà tí wọ́n fi ń mọ èyí tó “significant”, nìkan. Bí ẹ bá ti kọ ètò yín sórí OSF, ojú òpó tí olùwádìí ń fi ètò ìwádìí pa mọ́ sí, kí ẹ tó jáde lọ gba dátà, ọ̀fẹ́ ni, ẹnu yín á gbà á níwájú olùdánwò. jamovi àti R, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, náà jẹ́ ọ̀fẹ́; ẹ kọ́ ọ̀kan, kí ẹ má bàa wá ẹni tó ń “tún un ṣe” mọ́.

Ta ló ń sanwó bí mo bá fẹ́ lọ sókè òkun? Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì ìjọba kan ní Oǹdó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, nílé ẹ̀kọ́ yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni owó ẹ̀kọ́ wọn wà fún; wọ́n dá ti òkèèrè dúró fún àwọn tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, nítorí náà ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣí i padà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gba ẹni tó ní B.Sc. nìkan, ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni, yunifásítì ló sì máa ń gbé owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ fún ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́. Ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti kíláàsì àti ìwádìí kékeré, lẹ́yìn náà ìdánwò ńlá, kí àpilẹ̀kọ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Jámánì àti Netherlands, iṣẹ́ ni wọ́n ka ipò PhD sí, wọ́n ń kéde rẹ̀ bí iṣẹ́, wọ́n ń san owó oṣù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti ní másítà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni, àbá ìwádìí ló sì ń wọlé ṣáájú. Ẹ wo Commonwealth Scholarship.

Fún Amẹ́ríkà, ẹ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ fẹ́ ní oṣù kẹjọ tàbí kẹsàn-án, bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ìlà mẹ́wàá tó, kí mẹ́ta nínú rẹ̀ dá lórí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ń tìlẹ̀kùn. Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, nítorí náà ẹ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ sì bèèrè fún ìwé èsì yín ní yunifásítì tí ẹ ti jáde kí oṣù kẹsàn-án tó parí, torí wọn kì í kánjú fi í ránṣẹ́.